Ọ̀pọ̀lọ́ Wọ Iléeṣẹ́ Làákàyè

Iléeṣẹ́ Làákàyè ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ìyẹn nǹkan pẹlẹbẹ tí kò ju èékánná lọ, tó ń bá ẹ̀rọ ronú. Oyèyẹmí, máníjà ìpolówó wọn, gbéṣẹ́ pátákó gàgàrà kan fún Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì ayàwòrán, létí ọ̀nà tó ti Ìlọrin wọ Òmù-Àrán. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀gá àgbà ń kó àwọn alágbàtà bọ̀ wá wò ó, Oyèyẹmí sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ kò pa dé mọ́.

"Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì! Kí lẹ yà síbẹ̀ yẹn?"

"Ọ̀pọ̀lọ́ ni, Máníjà. Ẹ ò rí i bó ṣe sanra?"

"Ta ló ní kí ẹ ya ọ̀pọ̀lọ́?"

"Ẹ̀yin náà ni." Bàbá nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó yọ fóònù. "Àtẹ̀jíṣẹ́ yín rèé: *E ya opolo nla kan to n sare. Ki gbogbo aye ri i.*"

"Ọpọlọ ni mo kọ! Ọpọlọ! Èyí tó ń bẹ nínú orí!"

"Ẹ ò fàmì sí i. Ọ̀rọ̀ tí kò lámì, ẹni tó bá kà á ló ni ín. Mo tiẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ ya kọ̀ǹkọ̀, torí òun ló lóhùn ìpolówó. Mo ní rárá, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo máa jẹ́."

Oyèyẹmí di orí mú. "Bàbá, ọ̀gá wa ti wà lọ́nà. Bó bá fojú kan èyí, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Kí ni màá wá sọ fún bàbá Mardiyah, àfẹ́sọ́nà mi? Máníjà ló ní òun ń fọmọ fún o!"

"Kí ló wá burú níbẹ̀? Ó ń sáré àbí kò sáré?"

Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀lọ́ náà na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbọọrọ bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ fi sílẹ̀. Níbi tí Oyèyẹmí ti ń wo ẹsẹ̀ náà ló ti rí ohun mìíràn.

"Ejò wo ló wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn?"

"Háà, Máníjà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé! Ṣé ọ̀pọ̀lọ́ a máa sáré ọ̀sán lásán ni? Bí n kò bá ya ohun tó ń lé e, àwọn ará Òkè-Onígbìn tó ń kọjá á ní irọ́ ni mo pa."

"Ẹ pa ejò yẹn rẹ́!"

"Bí mo bá pa á, kí ni ọ̀pọ̀lọ́ tún ń sáré fún? Ẹ̀yin lẹ ní kó sáré."

"Ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́! Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà: 'Ọpọlọ tuntun dé!'"

Bàbá gbé búrọ́ọ̀ṣì, ó tún gbé e sílẹ̀. Kì í fi ọ̀dà ṣòfò. "Kí ló fi yàtọ̀ sí ti èṣí?"

"Orúkọ."

"Inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Inú kan náà ni. Ti èṣí ń jẹ́ Làákàyè Keje, tọdún yìí ń jẹ́ Làákàyè Kẹjọ. Ìlànà ọjà ni, kò lè yé yín."

"Ó yé mi. Ìyàwó mi náà a máa da omi sọ́bẹ̀ àná, àmọ́ kì í ṣe ìkómọ fún un. Èyí tó wọ́n àtèyí tó rọjú tí ẹ ń tà ńkọ́?"

"Ọ̀kan náà ni wọ́n. A kàn ti ìdajì ọpọlọ pa nínú èyí tó rọjú ni. Oníbàárà tó bá fẹ́ ìdajì tó kù, kó tún sanwó, a ó ṣí i fún un."

"Èyí tó ti rà? Tó ti gbé lọ sílé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Wàláhì! Ta ló ronú èyí?"

"Ọ̀gá àgbà fúnra wọn."

"Ti ọ̀gá yín ọ̀hún, ṣé wọ́n ti ṣí i tán?"

Kí Oyèyẹmí tó fèsì, fóònù rẹ̀ dún. Ó nà ró ṣánṣán bí ẹni pé ọ̀gá ń wò ó láti inú ẹ̀rọ. "Ẹ kú ọ̀nà, sà... Àwòrán? Ẹnì kan yà á láti inú mọ́tò?... Ó ti kárí ayé?" Òógùn bò ó. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ayàwòrán ló... Hẹ̀n? Bẹ́ẹ̀ ni, sà! Èmi ni mo ronú ẹ̀, sà!"

Ó pa fóònù, ó jókòó sórí garawa ọ̀dà.

"Wọ́n ní àwọn alágbàtà ti ń du ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ra wọn lọ́wọ́ nínú bọ́ọ̀sì. Láti òní lọ, Ọ̀pọ̀lọ́ lorúkọ ọjà wa."

"Àlùhámúdúlílàhì! Mardiyah ti dìyàwó."

"Wọ́n tún ní ejò yẹn ni ọjà ọdún tó ń bọ̀. Bó bá di àmọ́dún, kí ẹ wá yà á níbi tó ti ń gbé ọ̀pọ̀lọ́ mì."

Bàbá wo òkè pátákó, ó wo Máníjà. "Àwọn tó bá ra ọ̀pọ̀lọ́ lọ́dún yìí ńkọ́?"

Oyèyẹmí dìde, ó tọ́ kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. "Ẹ yà wọ́n sínú ikùn ejò, Bàbá. Àmọ́ kí ẹ rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín."