Ọjọ́ Tí Gbogbo Ọwọ́ Lọ Sókè fún Alága

Onígbàjámọ̀ kan wà tó jẹ́ pé bó bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, àyà rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé, ikùn á tẹ̀lé e, òun fúnra rẹ̀ á wá máa bọ̀ lẹ́yìn bí ẹni tó ń sin àwọn méjèèjì lọ sílé.

Ọ̀gá-Gbogbo-Irun lorúkọ tó fún ara rẹ̀. Ó ní kò sí ohun tó hu irun láyé tí kò sí lábẹ́ àṣẹ òun, ìbáà jẹ́ èèyàn, ìbáà jẹ́ ajá, ìbáà jẹ́ búrọ́ọ̀ṣì. Àgbọn nìkan ló kù tí kò tíì wá jókòó sórí àga rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn ilé wọn, a máa bi í pé, "Bàbá wọn, irun orí tiyín ńkọ́?"

Ọkùnrin náà á fọwọ́ pa àtàrí rẹ̀ tó ń dán. "Ìyẹn ti fẹ̀yìn tì," ni yóò wí.

Òun náà ni Alága Ẹgbẹ́ Àwọn Ẹlẹ́mọ̀ọ́. Àwọn tó ń sin ẹmọ́ òyìnbó sínú ilé fún ìgbádùn ló wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹran kékeré yẹn ni, tí kò ní ìrù, tó rí roboto bí ìrọ̀rí tí wọ́n fi irun bò, tó ń ké wíì-wíì bó bá ti gbọ́ pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì. Akọ tirẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀gágun. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí abo tirẹ̀ bímọ, Ọ̀gágun ló máa ń wá yá. Onígbàjámọ̀ kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Iyì ló ń gbà.

"Ẹ ṣeun o, Alága," ni wọ́n á wí bí wọ́n bá dá a padà.

"Ẹ má dúpẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ọlá ni mo fi ránṣẹ́ sílé yín."

Ṣùgbọ́n aránṣọ ló tọ́ Ọ̀gágun. Ìyá ẹran náà kú ní ọjọ́ kẹta tó bí i, obìnrin yìí ló sì ń fi ṣíbí kékeré ro oúnjẹ sí i lẹ́nu ní gbogbo wákàtí méjì. Abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ló sùn dàgbà. Bí ẹ̀rọ bá ń dún, oorun ni. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ẹran á jí, á máa wò ó lójú bí ọ̀gá tó fẹ́ mọ ohun tó dá iṣẹ́ dúró.

Ìgbà tó yá ni Ọ̀gágun bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara. Ó họ òwúrọ̀, ó họ ọ̀sán. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ ń já ní ìdì ìdì, awọ abẹ́ rẹ̀ sì ń ṣí bí ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ti gbó.

"Bàbá wọn, kòkòrò wà lára ẹran yìí."

"Kòkòrò kẹ̀? Lára ẹran Alága? Kòkòrò tó mọ ara rẹ̀ ò ní dán an wò. Atẹ́gùn ló ń ṣe é."

"Atẹ́gùn ló wá fá ẹ̀yìn rẹ̀ báyìí?"

"Ìyá wọn, èwo ni onígbàjámọ̀ nínú àwa méjèèjì?"

Ó gbé òróró tó fi ń tọ́jú kílípà rẹ̀ wá, ó sì fi kun Ọ̀gágun láti orí dé ìdí. Ẹran ń dán bíi bàtà ọmọ ilé ìwé lọ́jọ́ Ajé. Àwọn kòkòrò tó wà lábẹ́ awọ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan kan ilẹ̀kùn.

Ní Ọjọ́rú, bí aránṣọ ṣe ń gún etí aṣọ kan, ó gbọ́ gbì lábẹ́ ẹ̀rọ. Ọ̀gágun ló họ ara títí tó fi ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbọ̀n rìrì bí ọmọ tí gíri mú. Obìnrin náà gbé e lé àyà. Ó tó ìṣẹ́jú méjì kí gbígbọ̀n náà tó rọlẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni aránṣọ pe dókítà ẹran lórí fóònù.

"Màmá, ẹ gbé e wá lónìí," ni dókítà wí, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. "Kòkòrò yẹn kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Abẹ́ awọ ló ń gbẹ́lẹ̀ sí. Yíyún ara náà ló ń mú un gbọ̀n bẹ́ẹ̀, ó sì lè pa á. Oògùn rẹ̀ ò ṣòro. Ẹ̀kán díẹ̀ ni, sí awọ ẹ̀yìn ọrùn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn ẹran wò, torí bó ṣe wúwo tó la fi ń díwọ̀n oògùn. Ẹ má lo ti ajá fún un o. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, a óò tún un ṣe."

"Òróró kílípà ńkọ́?"

"Ta ló fi òróró kílípà pa ẹran lára?"

"Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀," ni aránṣọ wí.

Àmọ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbọ́ "ilé ìwòsàn ẹran," ó fò dìde bí ẹni tó jókòó lé abẹ́rẹ́ ìránṣọ.

"Kí wọ́n rí Alága níbẹ̀? Ní ọ̀sẹ̀ ìdìbò? Ṣé ìwọ ò mọ̀ pé Dẹ́rẹ́bà ń bá mi du àga ni?" Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń pè ní Dẹ́rẹ́bà. "Ọjọ́ Àbámẹ́ta la ó wo ẹran tó lẹ́wà jù, ọjọ́ yẹn náà la ó dìbò. Bó bá di Ọjọ́ Àìkú, gbé e lọ síbi tó bá wù ọ́."

"Ẹran lè kú kó tó di Ọjọ́ Àìkú. Ẹ fẹ́ kó kú torí àga?"

"Àga Alága yàtọ̀ sí àga."

Kó tó parí gbólóhùn, ó ti gbé àgò Ọ̀gágun, ó di ṣọ́ọ̀bù. Ó tì í mọ́nú yàrá kékeré tó ń kó aṣọ ìnura sí, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Aránṣọ bẹ̀ ẹ́, ó bínú sí i, ó sì kọ̀ láti bá a jẹun pọ̀. Kọ́kọ́rọ́ ò kúrò lápò.

Ni obìnrin náà bá tún pe dókítà. Dókítà yìí kúkú ni wọ́n ti fi ṣe adájọ́ ẹwà ẹran lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìwọ̀n yín dání wá. Ẹ mú oògùn yẹn náà dání. Ẹ bá mi ní kí wọ́n kọ́kọ́ wọn gbogbo ẹran wò. Ẹ má bi mí nídìí."

"Màmá, mo ti mọ ìdí," ni dókítà dáhùn. "Òróró kílípà."

Ní ọjọ́ Ẹtì, wẹ́dà kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wá gẹrun. Wẹ́dà yìí ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀ pé òun ti ń hewú, ó máa ń pa irun rẹ̀ láró ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa. Irun náà sì bọ́ sílẹ̀ níwájú onígbàjámọ̀. Ó wò ó. Ó tún wò ó. Àwọ̀ Ọ̀gágun gan-an ni!

Nígbà tí aránṣọ yọjú sí ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́ láti tún bẹ̀bẹ̀, ó bá ọkọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ahọ́n rẹ̀ wà níta, gọ́ọ̀mù ìwé wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, irun wẹ́dà wà lọ́wọ́ òsì. Ó ń to irun sẹ́yìn Ọ̀gágun bí ẹni tó ń gbin ẹ̀fọ́.

"Bàbá wọn! Kí lẹ ń ṣe yìí?"

"Mò ń ran Ọlọ́run lọ́wọ́."

"Ẹ wò ó, iṣẹ́ aṣọ ni mò ń ṣe. Àbùlẹ̀ ni mò ń wò yìí. Irun tiẹ̀ nà, èyí ká kóńkó-kóńkó."

"Lókèèrè, ta ló máa mọ̀?"

"Adájọ́ ò ní wò ó lókèèrè. Ó máa gbé e ni."

"Á fi ọ̀wọ̀ gbé e. Ẹran Alága ni."

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, àmọ́ ti onígbàjámọ̀ yìí ti kúrò ní gbígbẹ́. Ó ti di lílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé. Gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé kún, àwọn àgò tò lórí tábìlì, gbogbo rẹ̀ ń ké wíì-wíì. Alága gbé Ọ̀gágun kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì kéde pé, "Ẹ wo irun! Láti ọjọ́ tí mo ti ń sin ẹran, kòkòrò kan ò tíì mọ ọ̀nà ilé mi. Ìmọ́tótó ni! Ẹni tí ẹran tiẹ̀ bá ń họ ara, kó bi ara rẹ̀ léèrè irú èèyàn tóun jẹ́."

Àwọn kan wolẹ̀. Wọn ò wo ara wọn lójú.

"A ó kọ́kọ́ wọn àwọn ẹran wò," ni dókítà wí. "Ìdìbò á tẹ̀lé e."

"Ẹ máa wọn wọ́n," ni Alága dáhùn. "Èmi ń lọ wọ kóòtù mi. Alága kì í jókòó de èrò. Èrò ló ń jókòó de Alága." Ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ dánra wò níwájú dígí.

Dókítà na ọwọ́ sí Ọ̀gágun. Òróró kílípà àti gọ́ọ̀mù ìwé kò bá ara wọn ṣọ̀rẹ́ rí. Bó ṣe gbé ẹran náà sókè báyìí, ẹran lọ sórí ìwọ̀n, irun kù sọ́wọ́ dókítà.

Àwọn tó wà lẹ́yìn dìde dúró kí wọ́n lè ríran.

"Ẹ jọ̀wọ́," ni wẹ́dà wí, tó na ọrùn láti ìlà kejì. "Ẹ jẹ́ kí n rí nǹkan yẹn." Ó mú un, ó gbé e sẹ́bàá etí ara rẹ̀, ó ní kí ẹni tó jókòó tì í bá òun wò ó. "Irun mi nìyí! Irun àná!"

Aránṣọ dìde. "Òótọ́ ni. Kòkòrò ló jẹ ẹ̀yìn ẹran náà. Ó ti gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan nílé, èmi ò sì fẹ́ kó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kejì. Dókítà, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ kí ọkọ mi tó wọ kóòtù tán."

Dókítà ti ń fẹ́ irun ẹran náà yẹ̀ wò. "Ìwọ̀n rẹ̀ ti dín kù jù. Màmá, ẹ dì í mú." Ó díwọ̀n oògùn, ó kán an sí awọ ẹ̀yìn ọrùn. Ọ̀gágun ké wíì, lẹ́yìn náà ló ti imú bọ abẹ́ apá aránṣọ.

"Ṣé yóò yè?"

"Yóò yè. Ọjọ́ méjì sí i, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀." Dókítà kojú sí èrò. "Kòkòrò yìí máa ń ràn. Ẹran tó bá bá a sùn nínú àgò kan náà ti kó o, ìbáà máa họ ara, ìbáà má tíì máa họ ọ́. Ta ni Ọ̀gágun ti lọ kí nílé rẹ̀? Ẹ nawọ́ sókè."

Dẹ́rẹ́bà ló kọ́kọ́ nawọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Wẹ́dà nawọ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ nawọ́. Kí a tó ṣẹ́jú, kò sí ọwọ́ tó kù nílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn.

Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn ṣí, tí àyà Alága wọlé.

Ó rí igbó ọwọ́. Omi lé ròrò sí i lójú.

"Gbogbo yín!" ló wí. "Ẹyọ ẹnì kan ò yapa! Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo fún yín lọ́dún tó kọjá, kékeré ni. Mo ṣèlérí pé lọ́dún yìí, kò ní sí ilé kan tí kò ní dé."

"Ó ti dé!" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn.

"Yóò wọ̀ yín lára ṣinṣin!"

"Ó ti wọ̀ wá!"

"Tọmọtọmọ ni ẹ ó máa rántí mi!"

"Tẹmọ́tẹmọ́!" ni Dẹ́rẹ́bà dáhùn, gbọ̀ngàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó.

Alága ń rẹ́rìn-ín bá wọn, àmọ́ ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Ìyá wọn, kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín?"

"Bàbá wọn, wọn ò tíì dìbò. Àwọn tó kó kòkòrò Ọ̀gágun ni dókítà ní kó nawọ́."

"Irọ́! Ẹran mi mọ́! Ẹ wo irun ẹ̀yìn rẹ̀!"

"Irun ẹ̀yìn rẹ̀ rèé," ni wẹ́dà wí, ó gbé e síwájú rẹ̀. "Alága, mo ní kẹ́ ẹ bá mi gé e. Mi ò ní kẹ́ ẹ bá mi fi ta eku lọ́rẹ."

Onígbàjámọ̀ wo irun. Ó wo ẹran. Ó wo dókítà bóyá yóò rí aláàánú kan. "Mo fi òróró tọ́jú rẹ̀ ná," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Òróró ò débi tí kòkòrò wà, Bàbá. Ẹran ló kàn lá a mì."

Ìdìbò Alága? Ẹnikẹ́ni ò tún rántí rẹ̀. Dókítà ló ń sọ bí nǹkan yóò ṣe rí: gbogbo ẹran tó ti bá Ọ̀gágun sùn yóò gba oògùn, lónìí àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Koríko gbígbẹ tó wà nínú àgò, kí wọ́n dà á nù. Kí wọ́n fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ àgò, kí wọ́n sá a gbẹ. Ẹran tuntun tó bá wọlé, kó dá wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó bá àwọn yòókù pàdé.

"Iṣẹ́ àgò fífọ̀ yìí," ni dókítà wí, "ilé dé ilé ni, kó má lọ jẹ́ pé ẹnì kan fọ tiẹ̀, ẹlòmíì gbàgbé. Mo ń fẹ́ ẹnì kan tí yóò máa lọ bá wọn fọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ta ni?"

Gbogbo ọwọ́ tó ti wà lókè tẹ́lẹ̀ bọ́ sábẹ́ itan.

Àsìkò yẹn gan-an ni nǹkan kan yún onígbàjámọ̀ lẹ́yìn ọrùn. Ó ṣe tán, òun náà ti fi odindi ìrọ̀lẹ́ kan lẹ irun mọ́ ẹran náà lára. Ó mú un mọ́ra. Ó lanu, ó pa á dé, ó di ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú bàtà. Kò ṣeé mú mọ́ra. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún gòkè lọ síbi ọrùn, ó ń họ ọ́ kíkankíkan.

"Alága ti nawọ́!" ni Dẹ́rẹ́bà ké. "Ẹni tó bá fara mọ́ ọn ńkọ́?"

Gbogbo ọwọ́ tún lọ sókè. Ìyàwó rẹ̀ gbé Ọ̀gágun sí itan, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè.