Òùngbẹ Kì Í Ṣe Ẹndọ́sìmẹ́ǹtì

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìgbóǹlà, tọmọdé tàgbà, ẹ pa rédíò! Ẹ gbé àwo kalẹ̀! Èmi Ọ̀jẹ́wùmí akéde ni mo dé. Àtẹ́wọ́ ni mo ń pa lónìí. Ẹ má tíì bi mí léèrè agogo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀nọ́rébù Akínṣípẹ̀ tó ń wá ìbò bá wa nídìí ẹ̀rọ omi tó ti bàjẹ́ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ó bi wá pé ta ló fẹ́ omi. Gbogbo wa nawọ́ sókè. Wọ́n ya fọ́tò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, rédíò ti gbé e pé ìlú Ìgbóǹlà ti fún Ọ̀nọ́rébù ní ẹndọ́sìmẹ́ǹtì! Ó wá ránṣẹ́ pé níwọ̀n ìgbà tí a ti wà lẹ́yìn òun, kí ẹ̀rọ omi ṣì ní sùúrù di ẹ̀yìn ìbò. Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀rọ omi, kó ní sùúrù!

Nítorí náà, Kábíyèsí àti ìgbìmọ̀ pàṣẹ:

Èkíní. Ẹndọ́sìmẹ́ǹtì ni kí ẹni tí òùngbẹ kò gbẹ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ní gbangba pé lágbájá ni òun ń tì lẹ́yìn. Òùngbẹ kì í ṣe ẹndọ́sìmẹ́ǹtì! Mo tún un sọ: òùngbẹ kì í ṣe ẹndọ́sìmẹ́ǹtì!

Èkejì. Wíwà nínú fọ́tò kì í ṣe ẹndọ́sìmẹ́ǹtì. Ewúrẹ́ Ìyá Dúródọlá wà nínú fọ́tò náà, iwájú pàápàá ló wà. A ti bi í léèrè. Kò sọ nǹkan kan tó jọ ọ́.

Ẹ̀kẹta. Ọ̀nọ́rébù ń padà bọ̀ lọ́la. Kí ẹnikẹ́ni má nawọ́! Ẹni tí abíyá bá ń yún, kó lọ họ ọ́ nílé! Kí oníkálukú gbé korobá òfìfo lọ́wọ́ ọ̀tún, kó gbé òmíràn lọ́wọ́ òsì, títí omi yóò fi yọ. Ẹni tó bá nawọ́, ọdún kan gbáko ni yóò fi máa pọnmi odò fún gbogbo àdúgbò rẹ̀!

Ẹ̀kẹrin. Agogo tí mo fi pè yín jáde lọ́jọ́ Ẹtì, rédíò ní òun ló kọ́kọ́ ti Ọ̀nọ́rébù lẹ́yìn. Agogo ti wà ní àhámọ́ láàfin.

Ohun tí ààfin fi sí mi lẹ́nu nìyẹn. Mo ti dà á sí yín létí, ẹnu mi ti ṣófo. Ẹni tó bá yé, kó nawọ́ kí n rí i.

Háà! Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀! Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíá! Ta ló ń ya fọ́tò níbẹ̀ yẹn?