Bàbá Sàláúdéènì Tọ́ Ata Karimat Wò

Ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko ni ata Karimat fi ń hó nínú ìgò láìsí iná nídìí rẹ̀!

Ata rodo, ṣọ̀ǹbọ̀, aáyù, atalẹ̀, omi oníyọ̀. Ó lọ̀ wọ́n pọ̀, ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó gbé e sí kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Àrẹ̀mọ. Orí fóònù ló ti kọ́ ọ. Ṣàwámà ló ń tà ní Bẹẹrẹ, ó sì fẹ́ kí ata tirẹ̀ yàtọ̀. Ní àràárọ̀, á tú ọmọrí ìgò náà díẹ̀ kí atẹ́gùn inú rẹ̀ lè jáde.

Fíìììì!

“Karimat, ata tó ti kan nìyẹn o. Dà á nù!” ìyá rẹ̀ á pariwo.

“Màámi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Kíkan yẹn gan-an ladùn ẹ̀.”

“Kíkan ladùn? Ẹ gbà mí o!”

Ṣùgbọ́n ata kọ́ ló ń da Karimat láàmú. Bàbá Sàláúdéènì ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni, òun sì ni olórí ẹbí. Lọ́jọ́ Sunday yẹn, àwọn ẹbí Nojeem ń bọ̀ wá tọrọ Karimat, Karimat sì fẹ́ràn Nojeem dọ́ba. Bàbá ti lé ọkọ méjì lọ ṣáájú. Ẹni àkọ́kọ́, Bàbá ní ó sín nígbà tí àwọn ń ṣàdúà. Ẹnì kejì, Bàbá ní iṣu tí wọ́n gbé wá wọ́ bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Bí Bàbá bá la ẹnu láago mẹ́wàá, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó pa á dé.

Bàbá tún ní ìwà kan. Kò sí àgbo tí ẹnikẹ́ni rẹ ní agbo ilé náà tí kò ní tọ́ wò. Àgbo ibà, àgbo jẹ̀dí, Bàbá á bu ife kan. Kódà èyí tí Blessing ayálégbé fi ń wẹ ọmọ tuntun, Bàbá mu ún. Ó ní ó sọ ara òun jí!

Aago mẹ́wàá lù, àlejò dé. Karimat wà ní yàrá, nítorí ìyàwó kì í yọjú títí wọn á fi pè é. Ó ń yọ́ wọn wò láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Ẹrù wà nílẹ̀ níwájú Bàbá: iṣu, iyọ̀, páálí ṣúgà, ìgò oyin kan.

“Ẹ ní sùúrù,” ni Bàbá wí. “Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan la ọ̀nà ọ̀fun. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ gùn.”

Ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rí ìgò. Ó rí omi pupa tó ń hó ṣùù.

“Áà! Àgbo jẹ̀dí rèé!”

Karimat fẹ́ kígbe, ìyá rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní yàrá fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. “Ṣé o fẹ́ kí àna gbọ́ ohùn ẹ kí wọ́n tó pè ọ́ ni?”

Kùlù, kùlù, kùlù!

Ife kan tán.

Ojú Bàbá pọ́n. Etí Bàbá pọ́n. Fìlà orí rẹ̀ pàápàá ń wá ọ̀nà àtisá. Iná ẹnu rẹ̀, bí wọ́n bá gbé e dé Ọjà'ba, wọn á fi sun àgbàdo tà!

Ẹ̀rín ń pa mí o jàre!

Ṣùgbọ́n àgbà kì í tẹ́ lójú àna. Bàbá rọra padà wá jókòó.

“Bàbá, òdòdó kan la rí nínú ọgbà yín,” ni Àlàájì Sàídì, agbẹnusọ àwọn Nojeem, bẹ̀rẹ̀.

Bàbá ya ẹnu. “Hẹ̀ẹ̀ẹ̀!” nìkan ló jáde. Omijé bọ́ pòròpòrò.

“Ẹ wo Bàbá,” obìnrin kan sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Wọ́n ń sunkún ọmọ wọn.”

Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń fi fẹ́ ẹnu, fẹ̀ẹ̀, fẹ̀ẹ̀, fẹ̀ẹ̀! Gbogbo àlejò tẹ́ ọwọ́.

“Àmín! Àmín!”

Àdúà wo? Omi ni Bàbá ń wá! Ó wo ọ̀tún, kò sí omi. Ó wo òsì, kò sí omi. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí oyin.

Ẹ gbọ́ o. Ní ilé wọn, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ẹrù àna títí olórí ẹbí á fi sọ pé òun gbà. Bí olórí ẹbí bá ti tọ́ ọ wò pẹ́nrẹ́n, ọ̀rọ̀ ti parí. Ta ló ń dá ẹrù tó ti jẹ padà?

Bàbá fi eyín ṣí ìgò. Ó da oyin sọ́fun gbàà! Ó fa páálí ṣúgà ya.

Kọ̀ru, kọ̀ru, kọ̀ru!

“Bàbá ti jẹ ẹrù!” Àlàájì Sàídì fò sókè. “Alihamudulilahi! Ogójì ọdún tí mo ti ń bá èèyàn tọrọ ìyàwó, n ò rí irú ìfẹ́ báyìí rí!”

Bàbá ń mi orí pé rárá, ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ ló ń gbọ̀n pọ̀ mọ́ orí. Àwọn àlejò ní ijó ayọ̀ ni. Wọ́n bá a jó. Wọ́n pe Karimat jáde, wọ́n ṣàdúà fún un, wọ́n lọ. Ẹnu Nojeem kò pa dé títí ó fi dé ilé.

Ìrọ̀lẹ́ ni ahọ́n Bàbá tó tú. Ó pe gbogbo ilé jọ. Karimat kúnlẹ̀. Ó dá a lójú pé Bàbá fẹ́ ní kí wọ́n dá oyin padà.

“Karimat.”

“Bàbá.”

“Ta ló rẹ àgbo inú ìgò yẹn?”

“Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá... èmi ni.”

Bàbá nu ojú. Ó nu imú.

“Ó dáa. Tó o bá délé ọkọ ẹ, máa rẹ ẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Àmọ́ dákun, dín ata inú ẹ̀ kù díẹ̀.”