Ọjọ́ tí Mo Lé Odidi Bọ́ọ̀sì Wọ Oko Kòkó

Bí mo bá tilẹ̀ darúgbó, ọjọ́ kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láé: ọjọ́ tí mò ń lọ wá iṣẹ́ olùkọ́ n'Óǹdó.

Mo ti kàwé tán, mo ti sin ìlú, mo wá jókòó sílé àwọn òbí mi ní Ìsìkàn, l'Ákùúrẹ́, fún odidi ọdún kan láìníṣẹ́. Bí àlejò bá wọlé, yàrá ni mò ń sá lọ, kí wọ́n má baà bi mí pé, "Kí lò ń ṣe báyìí?" Àbúrò mi, Tọ́lání, rí i pé ìrònú fẹ́ pa mí, ló bá fi géèmù kan sórí fóònù mi.

Bí ẹ bá kọ́kọ́ rí i, ẹ lè fojú di í. Ńṣe ni ayé inú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwòrán ara ògiri. Èèyàn kékeré inú rẹ̀ ò lè ṣe ju kó lọ sọ́tùn-ún, kó lọ sósì, kó fò sókè, tàbí kó gbẹ́lẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Wọ́n á fún ọ ní díígà àti àáké, ó parí. Kò sẹ́ni tó máa pàṣẹ fún ọ. O lè gégi kọ́lé, o lè gbẹ́lẹ̀ títí wàá fi kan góòlù, o sì lè bá àwọn abàmì ẹ̀dá abẹ́ ilẹ̀ jà. Èmi tí ẹnikẹ́ni ò gbà síṣẹ́, mo kọ́ ilé alájà mẹ́ta síbẹ̀, mo gbin òdòdó síwájú rẹ̀. Kí n má purọ́, òun ló ń mú kó wù mí láti jí láàárọ̀.

Ìgbà tí ilé-ìwé kan n'Óǹdó pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, mo wọ búláòsì funfun, mo yá bàtà gogoro Tọ́lání. Màmá mi ní, "Máa ka ìwé rẹ lọ nínú ọkọ̀ o."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Ọkọ̀ ò tíì jáde tán l'Ákùúrẹ́ tí mo ti ki wáyà bọ etí, tí mo ti ń gbẹ́lẹ̀.

Àárín oko kòkó la wà nígbà tí mo já sínú ihò kan tí àwọn abàmì kún bámúbámú. Wáyà etí ò jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ara mi. Àṣé mo ti figbe ta: "Yéè! Wọ́n ti yọ o! Wọ́n pọ̀! Mo kú!"

Ọkọ̀ dúró gìì. Dírẹ́bà ló kọ́kọ́ sá. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, mi ò rí ẹnì kankan nínú ọkọ̀ mọ́. Kí làwọn wọ̀nyí rí? Èmi náà bẹ́ sílẹ̀, mo gbá tẹ̀ lé wọn. Ẹrẹ̀ gba bàtà mi ẹsẹ̀ kan, mi ò bojú wẹ̀yìn. Mo lọ ba sábẹ́ igi kòkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan tó ń gbàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí la ń sá fún?"

Ìyá wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé ìwọ kọ́ lo pariwo pé wọ́n ti yọ ni?"

Ìgbà náà ló yé mi. Mo lè dákẹ́ o, àmọ́ mo gbọ́ tí dírẹ́bà ń sọ pé Àkúrẹ́ lòun máa yí ọkọ̀ padà sí. Mo bá jáde tìtìjú-tìtìjú. "Ẹ má bínú, sà. Géèmù ni."

"Kí ni?"

"Géèmù, sà. Orí fóònù."

Ẹnì kan ní kí wọ́n gba fóònù náà, kí wọ́n là á mọ́lẹ̀. Dírẹ́bà ní kí n fẹsẹ̀ rìn dé Oǹdó. Ni bàbá kan tí ṣòkòtò rẹ̀ ti ya bá bú sẹ́rìn-ín. "Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, mi ò mọ̀ pé mo ṣì lè sáré báyìí! Ká ní ajínigbé ló yọ lóòótọ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́, ká máa lọ." Ó ní kí n fi nǹkan náà han òun. Mo fi ilé mi hàn án. Ó wò ó dáadáa, ó ní, "Ilé yìí dára. Àmọ́ níbo lẹ ti ń dáná?"

Ẹ̀rín yẹn ló gbà mí. A wá bàtà tì, mo sì sọ fún wọn pé iṣẹ́ ni mò ń lọ wá, ni ìyá abẹ́ igi kòkó bá tú ẹrù rẹ̀, ó fún mi ní sílípáàsì tuntun. "Wọ èyí. Èèyàn kì í fẹsẹ̀ lásán lọ wáṣẹ́."

Mo pẹ́ dé, ẹrẹ̀ dé orúnkún mi. Ìyá tó ni ilé-ìwé náà bi mí pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ?" Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, táyà tó bẹ́, ṣùgbọ́n mo wo sílípáàsì ẹsẹ̀ mi, òótọ́ ló jáde. Màmá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. Ó wá ní, "Kí ló wà nínú géèmù náà gan-an?"

Mo ṣàlàyé. Mo ní kò sẹ́ni tó ń dá èèyàn lẹ́bi níbẹ̀. Bí o bá kùnà, wàá tún bẹ̀rẹ̀. Bí ilé bá wó, wàá tún un kọ́. Láti ọdún kan, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo bá ẹni tí mi ò mọ̀ sọ̀rọ̀ tí ohùn mi ò gbọ̀n.

Màmá náà ní, "Ṣé bí wàá ṣe máa ṣàlàyé fáwọn ọmọ wa nìyẹn?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa, máa bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Mo ti kẹ́kọ̀ọ́: ẹni tó bá wà láàárín èèyàn, kí ó bá wọn wà níbẹ̀. Mo ṣì ń gbá géèmù náà, ṣùgbọ́n inú yàrá mi ni, mo sì máa ń tilẹ̀kùn. Odidi ọkọ̀ kan ni mo lé wọgbó lọ́jọ́ náà, wọ́n sì tún fún mi láyè láti jókòó. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nínú àdúrà mi, pàápàá dírẹ́bà, ẹni tó kọ́kọ́ sá, tí kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Oǹdó. Bí mo bá sì ti dé orí ìyẹn nínú àdúrà, ẹ̀rín ni kì í jẹ́ kí n ṣe àmín.