Màmá Fébè àti Àgbò Ìkórè

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ohun tó fà á tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, "Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó so àgbò mọ́lẹ̀ ni ìwàásù fi dé àmín"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń mirí ni. Ó dáa, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ní ìlú Ìṣápá, ìjọ kan wà tí oyè pọ̀ níbẹ̀ ju ìjókòó lọ. Bàbá Ìjọ wà, Ọ̀tún wà, Òsì wà, Balógun Ìjọ náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń bá wọn jagun. Ẹni tí kò joyè níbẹ̀ ni Màmá Fébè, opó kan tó máa ń so ẹran ìkórè. Ẹ ṣáà mọ̀ pé lọ́jọ́ ìkórè, bí ẹnì kan ṣe ń ru iṣu wá ni ẹlòmíràn ń fa ewúrẹ́ wá. Màmá Fébè ló ń gbà wọ́n lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń so wọ́n mọ́ igi máńgòrò, tó sì ń jókòó tì wọ́n títí ìsìn yóò fi parí. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ṣe é, ẹran kankan ò já rí. Torí pé kò sí èyí tó já, kò sẹ́ni tó rántí pé èèyàn kan ló ń so wọ́n.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, wọ́n ka orúkọ àwọn tí ìjọ fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dárúkọ ẹni tó kun ògiri. Wọ́n dárúkọ ẹni tó fún ìjọ ní aago, aago tí kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọn ò dárúkọ Màmá Fébè. Ó dùn ún wọra. "Ó tó gẹ́ẹ́," ló wí nínú ara rẹ̀. "Èmi náà á wọ aṣọ mi tó dáa, màá jókòó síwájú, màá gbọ́ ìwàásù. N ò so ẹran mọ́ láéláé."

Ọjọ́ ìkórè pé, àgbò ńlá kan dé, kò sẹ́ni tó máa so ó. Ọ̀tún ní aṣọ funfun lòun wọ̀. Òsì ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ni Balógun Ìjọ bá fọwọ́ sọ̀yà: "Kí ló wà nínú kí èèyàn so àgbò?" Ó wá okùn tó nípọn, ó rí ọ̀kan tó rọ̀ wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó so àgbò mọ́ ọn, ó gbọnwọ́ nù, ó wọlé lọ jókòó. Okùn agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Nínú ilé, Màmá Fébè ti jókòó pẹ̀sẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Jóòbù alágogo. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Àlùfáà wàásù dé ìdajì, ló bá di, "Gbọ̀ọ́n!" Ó dákẹ́ díẹ̀. "Gbọ̀ọ́n!"

Ní Ìṣápá, bí agogo bá ń dún léraléra, ìsìn ló ń pè. Bó bá ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń sinmi, àgbà kan ló kú. Àgbà wo ló sì ń ṣàìsàn nílé, bí kò ṣe Bàbá Ìjọ? Ọmọ rẹ̀ obìnrin figbe ta: "Yéè! Bàbá mi o!" Gèlè fò. Àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ orin ìsìnkú. Àlùfáà pa ìwàásù tì, ó ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ nípa olóògbé.

Balógun ló kọ́kọ́ dìde, ó ń nu ojú. "Bàbá pè mí sí kọ́lọ́fín," ló wí. "Wọ́n ní bí àwọn bá lọ, èmi ni kí n jókòó sórí àga àwọn."

"Ìgbà wo ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo ojú yí sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Ìjọ ló dúró síbẹ̀ nínú aṣọ funfun, tòun tọ̀pá lọ́wọ́. Òun náà gbọ́ agogo òkú nílé, ó ní kóun wá béèrè ẹni tó kú. Ta ló máa dúró dá òkú lóhùn? Ìjọ fọ́n ká bí ẹyẹ oko. Balógun tó yẹ kó dúró sẹ́nu ogun, ojú fèrèsé ló gbà, òun ló sì kọ́kọ́ délẹ̀.

Jóòbù náà fẹ́ sá, àmọ́ Màmá Fébè ti di ẹ̀wù rẹ̀ mú. "Jóòbù, ìwọ rèé níbí. Ta ló wá ń lu agogo?"

"Bóyá áńgẹ́lì ni, ìyá."

"Áńgẹ́lì tó ń ké mẹ̀ẹ́ẹ̀?"

Ó jáde sẹ́yìn. Àgbò ń nàgà sí ewé ọ̀dùnkún tó wà níwájú rẹ̀, agogo ń dún. Okùn fún un lọ́rùn, ó sún sẹ́yìn, ó mí. Ó tún nàgà. Màmá Fébè rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò ó pé kóun fi wọ́n sílẹ̀, kí wọ́n jìyà ẹ̀ dáadáa. Àmọ́ ó wo ọrùn àgbò, ó rántí bàbá arúgbó tó dá dúró nínú ilé Ọlọ́run. Àánú ṣe é. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó tú àgbò, ó so ó mọ́ igi máńgòrò, ó ta kókó rẹ̀ dáadáa. Agogo dákẹ́ wẹ́lo. Díẹ̀díẹ̀, ìjọ yọjú láti inú igbó.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yé wọn tán, Bàbá Ìjọ bi í pé, "Fébè, ọdún mélòó lo ti ń so wọ́n?"

"Ọdún mọ́kànlélógún, bàbá."

"Ìwàásù ìkórè mélòó lo ti gbọ́?"

"Ti òní nìkan, bàbá. Kò sì tíì parí."

Ojú ti gbogbo wọn. Àlùfáà gbé Bíbélì rẹ̀ jáde, ó dúró sábẹ́ máńgòrò, ó ní kí wọ́n gbé àga fún Màmá Fébè. Ó wá parí ìwàásù yẹn níbẹ̀, pẹ̀lú ìjọ lórí ìdúró, pẹ̀lú Balógun lórí ìkúnlẹ̀, tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta kókó. Àgbò ò mira. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín, Bàbá Ìjọ fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Ẹ fetí sílẹ̀ o," ló wí. "Èmi tí ẹ ti ń kọrin ìsìnkú mi ni mo ń sọ ọ́: ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó so àgbò mọ́lẹ̀ ni ìwàásù fi dé àmín."