Ọkọ̀ Maame Dufie Tó Ń Wúkọ́

Ẹjọ́ kan dé ààfin Nana Okyere lánàá, ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé. Ọkọ̀ akérò ni. Wọ́n kọ YÁRA gàdàgbà sí iwájú rẹ̀, àwa ọkùnrin mẹ́fà la sì tì í gun òkè.

Maame Dufie, tó ni ọkọ̀, bọ́ bàtà sílẹ̀. Kò kọjú sí ọba. Ọ̀kyeame Bosompem, agbẹnusọ ọba, ló kọjú sí.

"Ọ̀kyeame, ẹ bá mi sọ fún Nana. Sátidé là ń sin ìyá mi ní Mampong. Ọkọ̀ yìí ló máa gbé òkú lọ. Ó kàn ń wúkọ́ díẹ̀, ni mo bá gbé e fún Fítà Tawia pé kó bá mi tún un ṣe. Ó pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, ó ṣì ń wúkọ́. Ó pààrọ̀ kabúrétọ̀, ó ń wúkọ́. Ó pààrọ̀ rédíétọ̀, ó ń wúkọ́, ó tún wá ń sín. Ọ̀kyeame, ó pààrọ̀ dígí!"

"Nana ní dígí wo?"

"Èyí tí mo fi ń wo ojú mi!"

Fítà Tawia, mẹkáníìkì náà, dìde. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wú bí ẹni fi odidi òkèlè bánkù sẹ́nu. Ó fi ọwọ́ gbá a mú.

"Ọ̀kyeame, ẹ sọ fún Nana pé dókítà ọkọ̀ ni mí. Dókítà kì í sinmi."

"Nana ní kí ló ṣe ọkọ̀ náà gan-an?"

"Tí mo bá mọ ohun tó ṣe é, ṣé màá máa pààrọ̀ gbogbo ẹ̀?"

Ààfin hó yèè. Maame Dufie ká ọwọ́ lérí.

"Nana ní YÁRA tó wà níwájú rẹ̀ ńkọ́?"

"MÁ KÁNJÚ ni wọ́n kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀," ni Fítà wí. " Ẹ́ńjìnnì tó gbọ́ràn ni. Mo ní kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n kọ YÁRA."

"Ṣé ó ti wá ń yára báyìí?"

"Ó ń yára wúkọ́."

Wọ́n pe Atiemo, awakọ̀, kó wá jẹ́rìí.

"Atiemo, ìgbà wo ni ìwúkọ́ yìí bẹ̀rẹ̀?"

"Ọkọ̀ yìí ò wúkọ́ rí, Ọ̀kyeame."

"Ta ló wà á lọ sọ́dọ̀ fítà?"

"Èmi ni."

"Kí ló gbé e lọ ṣe?"

"Ìwúkọ́."

"Ìwọ Atiemo yìí!" Maame Dufie pariwo. "Irọ́ rẹ ò tiẹ̀ lè rìn dé ẹnu ọ̀nà!"

Nana Okyere ṣẹ́wọ́ sí wọn. Kí wọ́n tó fi í jọba, ọkọ̀ agbégi ló ń wà.

"Ẹ ṣí ìjókòó awakọ̀ tó bo ẹ́ńjìnnì. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì."

Gbù-gbù-pá-gbù! Adìẹ ààfin sá.

"Wáyà mẹ́rin ló lọ sórí púlọ́ọ̀gì mẹ́rin. Kí Fítà fi rọ́bà di ọwọ́, kó yọ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì máa dá wọn padà."

Ó yọ ti àkọ́kọ́, ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ó yọ èkejì, ọkọ̀ gbọ̀n jìnnìjìnnì. Ó yọ ẹ̀kẹta. Gbù-gbù-pá-gbù. Kò sóhun tó yí padà.

"Òun nìyẹn," ni Nana wí. "Ẹni tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó kúrò, kò ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀."

Ìjòyè méjì tó ń tòògbé jókòó dáadáa.

Wọ́n yẹ wáyà kẹta wò. Eku ti jẹ ẹ́ wómúwómú. Ewé kẹ́ńkè, oúnjẹ àgbàdo tó dà bí ẹ̀kọ, sì wà lábẹ́ rẹ̀, omi rẹ̀ ò tíì gbẹ.

"Atiemo!"

"Ọ̀kyeame, ẹ́ńjìnnì ló ń bá mi mú un gbóná. Tí n bá ti dé ibùdókọ̀, mo kàn máa ra ẹja díndín lé e."

"Eku tó ń jẹ wáyà ńkọ́?"

"Kí ló ń wá dé ìdí wáyà? Mo ń ṣẹ́ kẹ́ńkè kù fún un!"

Wọ́n fi wáyà kan ṣoṣo rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Ọkọ̀ dún wùùù, ó dákẹ́ ìwúkọ́. Maame Dufie gbé ọwọ́ lé iwájú ọkọ̀, ó bú sẹ́kún.

"Ìyá mi á délé."

Nana wá dájọ́. Atiemo ni yóò fi ọkọ̀ gbé òkú dé Mampong, kẹ́ńkè tútù ni yóò sì máa jẹ títí ọdún yóò fi yí po. Fítà yóò dá gbogbo ohun tó yọ padà.

"Pẹ̀lú dígí mi!"

"Pẹ̀lú dígí rẹ̀. Ó kù kan. Kí ló ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ Fítà?"

"Eyín ni, Ọ̀kyeame. Èyí tó wà ní…"

"Má fi hàn wá! Ọ̀kyeame, mú pláyà nínú àpótí rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Tó bá ṣì ń ro ó, ẹ yọ èyí tó tẹ̀ lé e. Tí eyín bá tán, ẹ bọ́ sí etí."

Fítà gbàgbé Ọ̀kyeame pátápátá. Ó wó lulẹ̀ níwájú ọba.

"Nana! Nana! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó ná! Ẹ wo ibi tó ń dùn mí kẹ́ ẹ tó yọ nǹkan!"

Nana gbé ọwọ́ sókè. Pláyà dúró.

"Ọ̀kyeame, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Nana."

"Ẹ pe ẹni tó kọ YÁRA. Kó kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí iwájú ṣọ́ọ̀bù Fítà bí Fítà ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Kó má fo Nana kankan."

Mo gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ yìí. Ọ̀dà náà ò tíì gbẹ: NANA! NANA! Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ KỌ́KỌ́ WÒ Ó NÁ! Ẹ WO IBI TÓ Ń DÙN MÍ KẸ́ Ẹ TÓ YỌ NǸKAN! Fítà Tawia jókòó lábẹ́ rẹ̀, ó ya ẹnu gbàgà, nọ́ọ̀sì kan sì ń fi tọ́ọ̀ṣì wo eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.