Obì Tí Ọba Ìdómìnú Dá Jẹ

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tó bá dá obì ìlú jẹ, òun nìkan ni yóò ṣọ́ ìlú mọ́jú? Ẹ ti ń mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ ò mọ nǹkan kan. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín.

Ọba kan wà ní ìlú Ìdómìnú, Adégòroyè lorúkọ rẹ̀. Ọba rere ni, kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá, àfi ìkòkò. Ìkòkò wo? Ìkòkò Ìlámọ̀, ìlú tó wà ní òdìkejì odò. Ọba Ìlámọ̀ ló wá kí i lọ́jọ́ kan, ni àmù Ìdómìnú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlejò bá là sí méjì, omi sì dà sí àlejò lẹ́sẹ̀. Ọba Ìlámọ̀ rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ wá ra tiwa. Tiwa kì í tọ̀ sílé." Ọ̀rọ̀ náà dun Adégòroyè dé egungun.

Bí àlejò ti lọ tán, ó fẹ́ pàṣẹ pé ẹni tó bá gbé ìkòkò Ìlámọ̀ gba bodè kọjá, ìdajì ẹrù rẹ̀ di ti ààfin. Ṣùgbọ́n ọba kì í dá irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣe ní Ìdómìnú. Obì aláwẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ń pa. Ọba á jẹ awẹ́ kan, Apènà tó ń dá ẹjọ́ ìlú á jẹ ọ̀kan, Ìyálọ́jà á jẹ ọ̀kan, olórí àgbẹ̀ á jẹ èyí tó kù. Bí ẹnì kan nínú wọn bá kọ̀ tí kò jẹ tirẹ̀, òfin ò dúró nìyẹn. Àfi ìgbà ogun. Bí ogun bá dé, ọba lè dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ, kó sì pàṣẹ.

Adégòroyè mọ̀ pé Ìyálọ́jà Fátóún ò ní fi obì yẹn kan ẹnu láé, torí ìkòkò Ìlámọ̀ ló kún ilé ìdáná rẹ̀. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó ní, "Ogun ti dé."

Olorì ní, "Ogun wo, Kábíyèsí?"

"Ogun ìkòkò." Kí Olorì tó la ẹnu bi í ní ìbéèrè kejì, ó ti ń jẹ awẹ́ kẹrin.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí obì ń ṣe fún ojú ẹni. Kábíyèsí ò rí oorun sùn. Ẹni tí kò sùn, á máa ronú. Ó ronú kan ọmọrí ìkòkò, ó ní ìyẹn ń kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Ó jẹ obì mìíràn, ó gbé òfin lé ọmọrí. Oorun tún sá. Ó ronú kan òṣùká tí wọ́n fi ń ru ìkòkò, ó jẹ obì, ó gbé òfin lé òṣùká. Ìlámọ̀ náà bínú, wọ́n ní iyọ̀ kankan ò ní gba ọ̀dọ̀ àwọn wá sí Ìdómìnú mọ́. Ọbẹ̀ ààfin ò wá yàtọ̀ sí omi gbígbóná. Kábíyèsí jẹ obì, ó ní kí wọ́n máa gba ìdajì gbogbo ohun tó bá ti òdìkejì odò wá. Ìgbà yẹn ni àwọn amọ̀kòkò Ìdómìnú, àwọn tí Kábíyèsí ní òun ń jà fún gan-an, wá dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ pé òdìkejì odò làwọn ti ń wa amọ̀.

Fátóún gbé ẹjọ́ lọ bá ìgbìmọ̀. Ọba dé ibẹ̀, ojú rẹ̀ là rangandan bíi ti òwìwí. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà á: kí wọ́n má sọ òun di ẹni tí ìkòkò lé sá.

Apènà ní, "Kábíyèsí, a ò tó dá yín lẹ́jọ́. Obì yẹn là ń bi léèrè ọ̀rọ̀. Ṣé lóòótọ́ ni ogun dé?"

"Ó dé."

"Ta ló kú?"

Ọba ronú. "Àmù mi."

Fátóún fi gèlè bo ẹnu. Apènà ò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, "Ṣé ẹ mọ ìdí tí ọba fi ń dá obì jẹ nígbà ogun? Kó má baà sùn ni. Òun ni yóò ṣọ́ bodè títí ogun yóò fi tán. Bí ogun bá dé lóòótọ́, òfin yín dúró. Ẹ gbé idà, kí ẹ máa lọ ṣọ́ wa. Bí kò bá sí ogun, ìpanu lásán lẹ jẹ, kí oníbodè dá ẹrù ẹlẹ́rù padà."

Ẹlòmíì ì bá ti gbà pé kò sógun. Ṣùgbọ́n ojú ń ti Adégòroyè. Ó pariwo pé, "Ogun dé!" Ó gbé idà, ó di bodè.

Ìlú sùn, oorun ìfọ̀kànbalẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn tó ń lọ sóko ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ kú ìṣọ́ o, Kábíyèsí! Oorun àná mà dùn o!" Ọba dì mọ́ idà, ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́.

Ni obìnrin Ìlámọ̀ kan bá yọ, ìkòkò ńlá kan lórí rẹ̀. Ọba fò dìde. "Ọ̀tá!"

Obìnrin náà kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ̀bùn ni. Ọba wa gbọ́ pé ẹ ò ráyè sùn, wọ́n ní kí n gbé omi tútù wá fún yín."

Kí ọba tó dáhùn, oníbodè ti gbé àáké. "Kábíyèsí, ìdajì lòfin wí. Ṣé kí n là á lóòró ni àbí níbùú?"

Ọba wo ìkòkò tó tutù, tí kò jò. Ó wo àáké. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Má fọwọ́ kàn án! Ẹ pe Apènà. Ẹ sọ fún un pé ogun ti tán."

Apènà sáré dé, ó bá Kábíyèsí tó fara ti ìkòkò náà, ojú rẹ̀ ń pa dé. Ó bi í pé, "Kábíyèsí, ta ló ṣẹ́gun?"

"Ìkòkò ni," ni ọba wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í han-anrun.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ranjú mọ́ obì gbogbo yín, ẹ má bá a jà. Ẹ gbé idà fún un, kí ẹ wọlé lọ sùn. Ẹni tó bá dá obì ìlú jẹ, òun nìkan ni yóò ṣọ́ ìlú mọ́jú.